Ilẹ̀kùn Tó Fún Nínú Ọkàn Ìdílé Bàbá Rẹ

Kúdírátù ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ ìjàkadì lorò Ọ̀fà,

Nígbà tí o bá rí bí ìwé yìí ṣe nípọn tó, àyà rẹ á já, wàá rò pé ẹnìkan ti kú nílé. Ẹnikẹ́ni ò kú. Ara mi le, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń lọ, àwọn aládùúgbò ń kí ọ. Mo kí Táófíìkì ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn òbí rẹ̀ n'Íbàdàn níbẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ̀wé ni pé orí fóònù ò gba irú ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí fóònù, ìwọ á ní, "Mọ́mì, ẹ má sunkún mọ́," èmi náà á yára bi ọ́ léèrè ohun tí o jẹ lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sìn ọ́ lọ sílé ọkọ, gbogbo ìyá ló máa ń jókòó gba ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn. Èmi ò rí nǹkan sọ ju "Ọlọ́run á wà pẹ̀lú ẹ" lọ. O wò mí, o rò pé ayọ̀ ló dí mi lẹ́nu. Kì í ṣe ayọ̀ nìkan. Jìnnìjìnnì ohun tí ojú wa ti rí ò tíì kúrò lára mi. Títí di òní, bí mo bá dá jókòó, mo máa ń bi ara mi pé, "Rafátù, ṣé ìwọ ni gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ sí?" Nítorí náà màá sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. O mọ apá kan nínú rẹ̀. Apá kan wà tí o kò mọ̀, nítorí orí bẹ́ẹ̀dì lo wà nígbà tí mo ń ṣe é. Ibi tí ìmọ̀ràn bá ti bọ́ sí ni màá ti sọ ọ́. Má retí pé kó tò lẹ́sẹẹsẹ bí ẹ̀yin tíṣà ṣe ń to nǹkan sójú pátákó.

Aṣọ yunifọ́ọ̀mù ni mò ń rán lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ ní Ìjàgbó. Olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ ló pè. "Mama Kúdí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Àǹtí Kúdí ṣubú lórí pápá." Bí mo ṣe gun ọ̀kadà, mi ò rántí. Ohun tí mo rántí ni pé mo dé, mo rí ọ níbi tí wọ́n tẹ́ ọ sí lábẹ́ igi, fèrè eré ìdárayá ṣì wà lọ́rùn rẹ, ètè rẹ funfun bí ẹfun. Wọ́n ní ò ń bá àwọn ọmọ sáré ìmúrasílẹ̀ ni, pé ò ń rẹ́rìn-ín kó tó di pé o wó lulẹ̀. O la ojú, o ní, "Mọ́mì, ebi ló pa mí, mi ò jẹun láàárọ̀." Àwọn tíṣà yòókù rẹ́rìn-ín, ọkàn wọn balẹ̀. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sínú koríko. Mo ti rí irú ìṣubú yẹn rí: ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, tó kàn wó lulẹ̀. Bàbá rẹ ni mo rí níwájú mi.

Màá dé orí ti bàbá rẹ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí kí n má baà gbàgbé. Ó ti pẹ́ tí ara rẹ ti ń sọ̀rọ̀ kó tó di ọjọ́ yẹn. Bí o bá pọn omi gun àtẹ̀gùn, wàá dúró láàárín, wàá mí. O ní àyà ń fún ọ, a ní ọgbẹ́ inú ni, a ra oògùn ọgbẹ́ inú. Òyì kọ́ ọ, a ní ibà ni, a ra oògùn ibà. Àwa fúnra wa la sọ àìsàn lórúkọ kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ọ́ wò. Kúdí, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ. Má ṣe é fún ara rẹ, má ṣe é fún ọkọ rẹ, má ṣe é fún ọmọ tí Ọlọ́run á fi ta yín lọ́rẹ. Bí ara bá sọ̀rọ̀, gbé e lọ bá ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Dókítà tó yẹ̀ ọ́ wò l'Ọ́fà gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé ọ láyà, ó gbé e lé ọ lọ́rùn, ó tún gbé e padà sáyà. Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà gbọ́ ọ, àwọn méjèèjì wo ara wọn. Kò sí ohun tó ń bani lẹ́rù bíi kí dókítà méjì wo ara wọn lójú ẹni.

Ọ̀gá náà sọ pé, "Mama, ariwo kan wà nínú ọkàn rẹ̀ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí Ìlọrin. Ẹ má fi falẹ̀ o. Kó má sáré, kó má gbé ẹrù."

N'Ílọrin la ti pàdé Dókítà Adéọlá, obìnrin tó ń tọ́jú ọkàn. O rántí yàrá tútù yẹn, tí wọ́n ti fi nǹkan bí ọ̀rá pa ọ́ láyà, tí wọ́n ń yí ẹ̀rọ kékeré kan lórí rẹ̀, tí ọkàn rẹ wá ń hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Mo rí ọkàn ọmọ mi tó ń ṣí, tó ń pa dé. "Subuhánálláhì!" lohun tó jáde lẹ́nu mi. Ẹran ara tí mo gbé sínú mi, tí mi ò rí rí, òun ló wà níwájú mi yìí, tó ń làágùn.

Dókítà fi ìka tọ́ka sí ibì kan. "Mama, ilẹ̀kùn kan nìyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde kúrò nínú ọkàn lọ sí gbogbo ara. Fáàfù la máa ń pè é. Abala mẹ́ta ló yẹ kó ní. Ti Kúdírátù, méjì ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí i. Nítorí pé méjì ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta, ó ti tètè gbó, ó ti gan bíi pọ̀nmọ́ tó gbẹ. Ibi tó yẹ kó gba àtàǹpàkò ọwọ́, kò ju ibi tí pẹ́ńsùlù lè gbà lọ mọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ń fún ara rẹ̀ kọjá."

Mo ní, "Oògùn wo la máa rà?"

Ó mi orí. "Kò sí oògùn tó lè yọ́ ọ, Mama. Àwọn olùwádìí ti dán oríṣiríṣi wò, pàápàá oògùn tí wọ́n fi ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, kò ràn án. Wọ́n ṣì ń wá a káàkiri ayé. Ní báyìí, àfi ká pààrọ̀ ilẹ̀kùn náà."

"Pààrọ̀ bíi ti mọ́tò?"

"Bíi ti mọ́tò."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Kúdí, mo gbà lóòótọ́ pé obìnrin náà ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Àfìgbà tí mo wo ojú rẹ.

Nígbà náà ló wá béèrè ohun tó yí ayé mi padà. Ó ní, "Bàbá rẹ̀ ńkọ́?" Mo ní ó ti kú. Ó ní, "Kí ló pa á?" Mo fẹ́ dáhùn bí mo ṣe máa ń dá gbogbo ènìyàn lóhùn, pé àìsàn ni, ṣùgbọ́n ohun tí mo ti gbé mì láti ìgbà tí o wà lọ́mọdé sáré gba ẹnu mi jáde.

"Èmi ni wọ́n ní mo pa á."

Biro bọ́ lọ́wọ́ dókítà. O yí ojú sí mi. Mo rí i pé o kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìta. Gbọ́ ọ tán pátápátá nísinsìnyí.

Bíríkìlà ni Lásísì bàbá rẹ. Ọkùnrin tó ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, ó mu ẹ̀kọ gbígbóná tí mo pò fún un, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Mọ́tò aládùúgbò wa kọ̀, kò ṣí. Bàbá rẹ ní kí onímọ́tò wọ inú mọ́tò, òun á tì í. Ó tì í, ẹ́ńjìnnì dáhùn, mọ́tò gbéra. Ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó jẹ góòlù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó wó lulẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti tán. Ọ̀dọ́ ni. Wọn ò yẹ òkú rẹ̀ wò, Mùsùlùmí ni wá, a sin ín lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alhaji Rájí, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lójú gbogbo agbo ilé. "Ta ló fún un lóúnjẹ kẹ́yìn?" Ìyẹn nìkan ló sọ. Àwọn tó kù parí rẹ̀. Wọ́n ní, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Wọ́n ní kí n fi Kùránì búra. Mo búra. Wọ́n ní ẹni tó lè pa ọkọ rẹ̀ lè búra irọ́. Mo pọ̀n ọ́ sẹ́yìn, mo gba ilé bàbá mi lọ sí Òjòkú. Nígbà tó yá, mo padà wá sí Ọ̀fà nítorí iṣẹ́ ìránṣọ, mo gba yàrá lẹ́yìn rélùwéè níbi tí mo ti tọ́ ọ dàgbà. Bí àwọn ará ilé bàbá rẹ bá rí mi lọ́nà, wọ́n á gba òdìkejì.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, Dókítà Adéọlá mú biro rẹ̀ nílẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí. Ṣé ọkọ yín máa ń sọ pé àyà ń fún òun? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní erukutu sìmẹ́ǹtì ni. Ṣé òyì máa ń kọ́ ọ bó bá ṣiṣẹ́ agbára? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó ti dákú rí? Mo ní ẹ̀ẹ̀kan, lórí àkàbà, wọ́n ní oòrùn ni.

"Mama, mi ò lè búra fún yín," ó sọ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó wà láyé. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ yìí, bí àìsàn yìí ṣe ń pa ènìyàn gan-an nìyẹn. Ó sì máa ń rìn nínú ìdílé. Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa ọkọ yín."

Mi ò sunkún. O rí mi, ẹ̀rín ni mo bú sí. Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí ẹ̀rín náà ti wá. Mo rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ìgbà èwe mi, gbogbo òru tí mo fi bi ara mi pé bóyá nǹkan kan wà nínú ẹ̀kọ náà lóòótọ́, bóyá omi tí mo fi pò ó ò dáa, bóyá ọwọ́ mi ló burú. Ilẹ̀kùn kékeré kan ni, tí ojú ò lè rí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Mi ò mọ̀ pé bí òtítọ́ bá dé, ó lè gbá ènìyàn lulẹ̀ bíi mọ́tò.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nílé ọkọ rẹ, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìdí rẹ̀, ìwọ má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò wá ìdí rẹ̀ sí ọrùn ènìyàn. Òwe àjẹ́ yẹn, má fi í dájọ́ láé. Sọ pé, "Mi ò mọ̀." Kò sí ìtìjú nínú mi-ò-mọ̀. Ó sàn ju kí a fi ìmọ̀ èké lé obìnrin kan jáde pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Jẹ́ ká lọ síbi ilẹ̀kùn tuntun. Ọ̀rọ̀ owó, mi ò ní í sọ ọ́ níbí; àwọn tó ràn wá lọ́wọ́, Ọlọ́run mọ̀ wọ́n. Ọjọ́ tí dókítà oníṣẹ́ abẹ jókòó pẹ̀lú wa ni mo fẹ́ kí o rántí. Ó ní oríṣi méjì ló wà. Èyí tí wọ́n fi irin ṣe máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n wàá máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì títí ayé rẹ, oògùn náà ò sì bá oyún rẹ́. Èkejì, ara ẹranko ni wọ́n fi ṣe é, kò ní kí o máa lo oògùn yẹn títí ayé, ṣùgbọ́n á gbó lọ́jọ́ kan, wọ́n á sì tún un ṣe.

Mo ní, "Ẹranko wo?"

Ó ní, "Ti ẹlẹ́dẹ̀ wà. Ti màlúù náà wà."

Mo dìde dúró. "Ẹlẹ́dẹ̀ kẹ̀? Nínú ọkàn ọmọ mi?"

Ó ní, "Mama, ẹ jókòó. Ti màlúù la máa lò. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo ọkàn màlúù ni wọ́n fi ń ṣe é."

Ìwọ lo wá sọ pé, "Mọ́mì, ṣebí a ń jẹ ẹ́." Bí ara rẹ ò tiẹ̀ yá, ẹnu rẹ yá. O mú ti màlúù nítorí pé o fẹ́ bímọ, o sì mọ̀ pé wọ́n á tún gbé ọ padà wá lọ́jọ́ iwájú. Mo gbà fún ọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọmọ lo tìtorí rẹ̀ mú un, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ọmọ sáré lé ọ. Kí o tó lóyún, àwọn dókítà ọkàn ni kí o kọ́kọ́ lọ bá. Bí ìyá ọkọ rẹ bá ń wo ikùn rẹ, kí Táófíìkì sọ fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí eyín bá ń dùn ọ́, tí o fẹ́ yọ ọ́, sọ fún oníṣègùn eyín kó tó fọwọ́ kàn ọ́ pé o ní ilẹ̀kùn àtọwọ́dá nínú ọkàn, kó fún ọ ní oògùn tó yẹ ṣáájú, kí kòkòrò má gba ẹnu wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ jókòó síbẹ̀. Bí ibà bá mú ọ tí kò tètè lọ, má rò pé ẹ̀fọn ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún ọ ní kíníìkì, kò gbọdọ̀ yẹ̀ ọ́, òjò ì báà máa rọ̀, Iléyá ì báà ku ọ̀la.

Ẹnìkan á tún wá bá ọ pẹ̀lú ìgò. Ó dá mi lójú. Á ní àgbo inú rẹ̀ ń yọ́ ohun tó bá gan nínú ọkàn. Ó ti wá bá mi nígbà tí o wà ní wọ́ọ̀dù, ó sì búra. Mo bi í pé ṣé ó ti rí ọkàn alààyè rí lójú tẹlifíṣọ̀n? Ó ní rárá. Mo ní èmi ti rí i. Ó gbé ìgò rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí oògùn rẹ̀ bá dé ní tòótọ́, àwọn tó ń ṣe ìwádìí ló máa kọ́kọ́ sọ fún wa. O rántí pé wọ́n tọrọ ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ lára rẹ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ díẹ̀. Mo bínú, mo ní, "Ẹran ara ọmọ mi lẹ fẹ́ fi ṣe kí ni?" Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ìdí tó fi ń tètè gan lára ẹlòmíràn, tí kì í rí bẹ́ẹ̀ lára ẹlòmíràn. O fọwọ́ sí i. Nígbà yẹn mo rò pé o ti ń ṣe àṣejù. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé o ṣe ohun tó dáa jù mí lọ. Bí wọ́n bá pè ọ́ pé kí o wá dáhùn ìbéèrè, lọ. Bóyá ọmọ ẹlòmíràn ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Ajá ìwòyí ló mọ ehoro ìwòyí í lé.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n sọ fún mi pé àwọn á dá ọkàn rẹ dúró, ẹ̀rọ kan á sì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ dá a dúró bí i ti báwo? Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dúró, kí là ń pè é?" Táófíìkì, tí ẹ ṣì ń fẹ́ra sọ́nà nígbà náà, mú mi jáde. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àníyàn ò jẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń sọ mọ́, mo ní, "Ọmọ mi, lọ wá ìyàwó mìíràn. Mi ò ní í bínú." Ó dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ ọsibítù níbẹ̀. "Mọ́mì, ẹ má lé mi." Ohun tó sọ kò ju ìyẹn lọ. Mo sọ èyí fún ọ kí o lè mọ irú ẹni tí o fẹ́. Má fi àárẹ̀ pamọ́ fún un. Má fi àpá àyà rẹ pamọ́ fún un. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Wàyí o, ohun tí o kò mọ̀ nìyí.

Wọ́ọ̀dù lo ṣì wà nígbà tí Dókítà Adéọlá sọ pé àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá rẹ, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, yẹ kí wọ́n lọ yẹ ọkàn wò. Mo ní màá ránṣẹ́. Ta ni màá rán? Ta ni yóò gbà á gbọ́? Mi ò ní í purọ́ fún ọ, ọmọ mi: apá kan inú mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, kí ojú tiwọn náà rí nǹkan. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Mo rí i pé bí mo bá dákẹ́, tí ọmọ kan bá wó lulẹ̀ nínú ilé yẹn, ohun tí wọ́n ní mo ṣe ni mo wá ṣe gan-an.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo wọ agbo ilé bàbá rẹ. Obìnrin tó ń ṣa gbàgùdá lójú agbo ilé dáwọ́ dúró. Ìyàwó Alhaji Rájí, Ìyá Sàídì, fi ọwọ́ bo ẹnu. Alhaji fúnra rẹ̀ ń bọ̀ láti yàrá; ó dúró láàárín ọ̀nà, ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó mí kó tó tún máa bọ̀.

"Rafátù. Kí lo wá ṣe? Ṣé o wá kó àwọn tó ṣẹ́kù ni?"

Mo kúnlẹ̀. "Alhaji, mi ò wá jà. Kúdírátù ṣubú bí bàbá rẹ̀ ṣe ṣubú. Wọ́n rí ohun tó ṣe é. Láti inú ìdílé bàbá rẹ̀ ló ti gbé e wá. Ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ yẹ ọkàn wọn wò."

Ó na ìka sí mi. "Ṣé ìdílé wa lo wá kó àìsàn bá báyìí? Ìwọ tí—" Èémí ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Mo wo àyà rẹ̀. Ó ń lọ sókè sódò bíi ti ẹni tó sáré ìdíje, bẹ́ẹ̀ ìrìn láti yàrá sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ni.

Mo ní, "Ẹ foríjì mí, Alhaji. Báwo lẹ ṣe ń sùn?"

Ìyá Sàídì ló ké: "Ìjókòó ló ń sùn! Ó ti pẹ́ tí kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀! Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni!"

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ láti bá a wí, ikọ́ gbé e, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Èmi àti Ìyá Sàídì la dì í mú, ẹnìkan lápá ọ̀tún, ẹnìkan lápá òsì. Bí mo ṣe mú ọwọ́ rẹ̀, mo rí i pé ìka bàbá rẹ gan-an ni ìka rẹ̀. Ọkùnrin tó ní mo pa àbúrò òun, ohun tó pa àbúrò náà ló gbé sáyà yìí, tó ń bá a gbé láti ọjọ́ yìí wá.

Kò dúpẹ́. Ó ní kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Sàídì ọmọ rẹ̀ fi pè mí. Ohùn rẹ̀ rí bákan. "Mọ́mì Kúdí, a ti dé láti Ìlọrin. Ti Dádì ti fún gan-an. Abala méjì, bíi ti Kúdí." Ó fi kún un pé, "Èmi náà, méjì ni. Wọ́n ní tèmi ò tíì fún, kí n máa wá lọ́dọọdún." Mo jókòó sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi láàárín àgékù aṣọ. Ọmọ tí mo máa ń wẹ̀ nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó ilé wọn ni Sàídì.

Àwọn dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró Alhaji ò lágbára tó ohun tí wọ́n ṣe fún ọ. Èkó ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n gba inú iṣan itan rẹ̀ ti ilẹ̀kùn tuntun bọ inú ọkàn, wọn ò là á láyà rárá. Nígbà tó dé, gbogbo àdúgbò wá wò ó. Wọ́n ń béèrè pé, "Ojú ọgbẹ́ dà?" Ó ń fi itan hàn wọ́n, kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Èmi gan-an tí mo ti rí tìrẹ, ẹnu mi ò padé. Dókítà ní bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe tún tìrẹ ṣe lọ́jọ́ tó bá gbó. Nítorí náà má jẹ́ kí ọjọ́ yẹn máa dẹ́rù bà ọ́ láti ìsinsìnyí.

Lọ́jọ́ yìgì rẹ, òun ló jókòó gẹ́gẹ́ bíi walí tó fi ọ́ fún ọkọ. O rí i. Àwọn ènìyàn ń wo ojú mi bóyá màá dìde. Mi ò dìde. Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo ti dárí jì í tán. Òmíràn nínú ìmọ̀ràn mi nìyẹn: má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá gba ìdáríjì lẹ́nu rẹ kó tó pọ́n, ṣùgbọ́n má tìtorí pé kò tíì pọ́n kí o wá fi ohun tó lè gba ẹ̀mí ènìyàn pamọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ló mú kí n jókòó kọ ìwé yìí. Alhaji ní kí Sàídì wá pè mí. Ó mú mi gba ọ̀ọ̀dẹ̀ kọjá sí ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá rẹ sí. Kí wọ́n tó ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ni wọ́n ti lé mi jáde. Mi ò fojú kan ojú orórì náà rí lẹ́yìn tí wọ́n rẹ́ ẹ. Alhaji lọ gbé àga wá fúnra rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀. Kò dúró lọ́nà láti mí.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí o wọ ibí," ó sọ fún mi. "Mi ò mọ ohun tí mo lè fi bẹ̀ ọ́. Wá bá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀." Ó wọlé, ó fi èmi nìkan sílẹ̀.

Mo ti rò pé bí mo bá débẹ̀, màá ké. Mi ò ké. Mo fi ọwọ́ gbá ewé gbígbẹ kúrò lórí sìmẹ́ǹtì, mo jókòó, mo sì bá a sọ̀rọ̀ bí mo ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀ bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mo ní, "Bàbá Kúdí, wọ́n ti rí ohun tó ṣe yín. Ọmọ yín náà ní in. Wọ́n ti tún tirẹ̀ ṣe. Ó ń gun àtẹ̀gùn báyìí, kì í dúró láàárín."

Èmi ni ìyá rẹ tí ojú rẹ̀ ń wá ọ,
Rafátù.
Ọ̀fà, lẹ́yìn rélùwéè.